Àpò Aṣọ Fẹlifẹli

Obìnrin kan wà ní ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, Ọmọ Tuntun ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe tuntun. Ọdún márùn-ún ààbọ̀ ló ti lò níbẹ̀ (àwọn tó ń sọ pé ọdún mẹ́fà ń bù mọ́ ọn), àwọn méjì tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ti wá, wọ́n sì ti lọ, síbẹ̀ orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, tí ọ̀gá ilé ìfọṣọ bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fèrèsé, ó wá ní, "Èyí tí ẹ bá fún mi náà ni." Ọ̀gá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti rí oríṣiríṣi àbàwọ́n láyé, ó sì mọ̀ pé àwọn kan wà tí èèyàn kì í fi agbára bó. Kò béèrè mọ́.

Inú Ọgbà ni wọ́n ti tọ́ Ọmọ Tuntun dàgbà. Ọgbà yìí kì í ṣe ọgbà ẹ̀fọ́. Ilé gbọọrọ mẹ́rin ni, ògiri gíga yí wọn ká, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olùṣọ́ ló ni ín, òun ló sì ni gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ò mọ ìyá tó bí wọn, torí pé gbogbo obìnrin ni ìyá, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ gbé ọmọ kan mọ́ra ju òmíràn lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka ọdún. Olùṣọ́ ní ẹni tó bá ń ka ọdún, ikú ara rẹ̀ ló ń kà. Orúkọ pàápàá, ńṣe ni wọ́n ń yá wọn. Nígbàkúùgbà tó bá wu Olùṣọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kan, ó sì lè jẹ́ ọdún méjì kó tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á tò síwájú agbọ̀n kan, kálukú á dá orúkọ tó ń jẹ́ padà, á sì ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n láti mú òmíràn. Ọmọ Tuntun ti jẹ́ Ìtẹríba rí. Ó ti jẹ́ Àìbéèrè, ó ti jẹ́ Ìfaradà. Ìgbà tó ń jẹ́ Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n nà án jù, torí ìgbà náà lọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní ojú. Kò sẹ́ni tí kò ní ojú nínú Ọgbà: ẹnì kan tí Olùṣọ́ yàn níkọ̀kọ̀ láti máa ṣọ́ ọ, kó máa kọ ohun tó o bá sọ àti ohun tó o bá ṣe sílẹ̀. O ò ní mọ ẹni náà. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ń sọ sétí ara wọn ni pé ẹni tó bá ń ṣoore fún ọ jù ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Tí ọwọ́ rẹ bá sì tẹ ìwé tí ojú kọ, má sun ún, èéfín á tú ọ fó. Má ya á, wọ́n lè tò ó pọ̀. Inú omi tó ń hó ni kó o jù ú sí, títí á fi di ẹrẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó sá kúrò nínú Ọgbà ni. Kò sá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó lọ da ìdọ̀tí nù lẹ́yìn ògiri. Ó da ìdọ̀tí náà, ó gbé garawa kalẹ̀, ó sì ń rìn lọ. Gbígbé tó gbé garawa yẹn kalẹ̀ ló le jù fún un, torí pé garawa náà kì í ṣe tirẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nílé ìfọṣọ ni yíyẹ àpò wò. Kí aṣọ tó kan omi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ gbogbo àpò rẹ̀, kó kó ohun tó bá bá níbẹ̀ sínú agolo, kó sì so nọ́ńbà aṣọ náà mọ́ ọn. Bíírò kan ṣoṣo lè ba odindi ìkòkò aṣọ funfun jẹ́. Nínú Ọgbà, Olùṣọ́ a máa fi ṣúgà síbi tí àwọn ọmọ á ti rí i, á wá fara pamọ́, á máa wo ẹni tó máa mú un. Nítorí náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọmọ Tuntun bá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò kan, ó gbé e wá síwájú Ọ̀gá, ó ní òun rí i o, àmọ́ òun ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá wo kọ́kọ́rọ́, ó wo òun náà.

"Tó ò bá fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá?"

Ẹnì kẹta tó wà níbẹ̀ ni ọkùnrin tó ń lọ aṣọ. Wọ́n ń pè é ní Fẹlifẹli, torí kò sí áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó lójú rẹ̀. Ó máa tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ó ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí tábìlì ń sọ. Wọn kì í pa òwe nínú Ọgbà, nítorí pé Olùṣọ́ ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan gbọ́n ju tirẹ̀ lọ. Fẹlifẹli ló kọ́ Ọmọ Tuntun lówe. Á pa ìdajì, á ní kó parí ẹ̀. Tó bá ṣì í, á tún un ṣe fún un. Tó bá gbà á, á fi áyọ́ọ̀nù kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan bí ẹni lu òǹtẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá kan gbé iṣẹ́ fún Ọ̀gá. Gbogbo aṣọ ibùsùn wọn ni wọ́n fẹ́ máa kó wá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ó sì pọ̀ débi pé àyè ò ní sí fún aṣọ ẹlòmíràn mọ́. Àmọ́ wọ́n ní òfin kan: ẹni tí kò bá ní káàdì ìdánimọ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ aláìsàn. Ọmọ Tuntun ò ní. Báwo ló ṣe máa ní in, ẹni tí kò ní ìwé ìbí, tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, tí kò sì ní orúkọ kan tó lè pè ní tirẹ̀? Ọ́fíìsì ìjọba ti ya ọ̀sẹ̀ mélòó kan sọ́tọ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí ló sì máa parí. Ọ̀gá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kí àwọn jọ lọ. Ó ní òun ti gbọ́. Kò lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni pé ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ti di ojú rẹ. Ó sì mọ̀ pé tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ òun, kò síbòmíràn láyé tí ẹnikẹ́ni ti mọ òun.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kù yẹn ló kíyè sí i pé Fẹlifẹli ti ń wádìí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe é ní gbangba. Á máa lọ aṣọ rẹ̀ lọ, á ní, "Ọdún tí afárá odò já yẹn, ṣé ẹ gbọ́ nínú Ọgbà yín?" Tí Ọmọ Tuntun bá ní àwọn gbọ́, pé omi tiẹ̀ wọlé, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ máa gbọ́n ọn dà síta, á bi í bóyá garawa ńlá ló gbé àbí kékeré. Ní ọjọ́ kejì, á bi í nípa ọjọ́ tí òòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, á lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, á pẹ́ díẹ̀, á sì jáde wá pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ó rántí gbogbo oore tí ọkùnrin náà ti ṣe fún un: ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tó kúrò níbẹ̀ nítorí rẹ̀, ìpara tó fún un nígbà tí ọṣẹ bó o lọ́wọ́, gbogbo òwe yẹn. Ó tò wọ́n lé ara wọn lọ́kàn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ti ká. Wọ́n ga jù. Kí ló ń wá tó fi ń ṣe gbogbo èyí?

Ó dẹ pàkúté fún un. Ó ní òun sin ewúrẹ́ funfun kan nínú Ọgbà, pé ẹsẹ̀ òun ló máa ń sùn sí. Irọ́ gbuu ni, ẹran kankan ò wọ Ọgbà rí. Fẹlifẹli gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó ní ewúrẹ́? Ọmọ Tuntun ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà mi orí, ó rọra yà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń fọ aṣọ iṣẹ́ tiwọn. Aṣọ tó bá wọ ilé ìfọṣọ yẹn, òwú ni wọ́n fi ń sàmì sí i níbi ìgbátí, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ti Ọ̀gá jẹ́ dúdú, ti Fẹlifẹli jẹ́ pupa, ìlà méjì. Ti Ọmọ Tuntun ò ní àmì. Ó máa ń gbé tirẹ̀ lọ fọ̀ nílé. Lọ́jọ́rú tó ṣáájú Jímọ̀ tí à ń wí yìí, ó ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ olówùú pupa, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Fẹlifẹli ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ó ṣí i. "Afárá já: ó gbé garawa kékeré, kò lè gbé ńlá." "Òòrùn ṣókùnkùn: eyín iwájú méjì ti yọ, òmíràn ò tíì hù." "Kò mọ ìyá ẹ̀. Ká má bi í." Nísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, ó rí i: "Ewúrẹ́ funfun. Mi ò gbà á gbọ́." Wọ́n ká bébà kan sáàárín ìwé náà. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ọwọ́ Ọ̀gá sì wà nísàlẹ̀ níbi tó ti fọwọ́ sí i. Kò ka ìyókù. Àwọn méjèèjì ni ojú rẹ̀.

Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se aṣọ funfun ń hó lórí iná. Ó ju ìwé náà sí i, tòun ti bébà inú rẹ̀, ó fi igi tì í rì, ó sì dúró tì í títí àwọ̀ ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú omi. Aṣọ tábìlì funfun mẹ́jọ ló wà nínú ìkòkò yẹn. Ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún ààbọ̀ yẹ àpò wò kí nǹkan má baà ba aṣọ jẹ́, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ aṣọ tábìlì mẹ́jọ di aláwọ̀ ewé.

Ó kó kóòmù àti ife rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé báàgì náà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń báṣẹ́ lọ. Ó fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde lọ pe àwọn Ọgbà. Kò sẹ́ni tó jáde. Nígbà tó di ọ̀sán, Fẹlifẹli ti tú agbọ̀n, ó ti tú agolo, ó ti wo abẹ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sọ fún Ọ̀gá pé òun ti sọ ọ́ nù, pé fọ́ọ̀mù náà wà nínú ẹ̀, Jímọ̀ ni wọ́n sì máa tilẹ̀kùn.

"Fọ́ọ̀mù wo?" Ọmọ Tuntun ló béèrè.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

"Tìẹ ni," Ọ̀gá ní. "Fọ́ọ̀mù káàdì ẹ. Ọdún tí wọ́n bí ẹ ni Fẹlifẹli ń wá látọjọ́ yìí."

Ọmọ Tuntun dúró sójú kan. Ó wo báàgì ẹnu ọ̀nà, ó wo ìkòkò.

"Mo ti sè é," ó ní.

Ọ̀gá yíjú sí àwọn aṣọ tábìlì tó ń kán tótó lórí okùn, ọ̀rọ̀ wọn sì wá yé e. Fẹlifẹli fi ọwọ́ nu ojú láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"O sè é. Ṣó o fi iyọ̀ sí i ṣá?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa kọ mí sílẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Bí gbogbo ojú ṣe máa ń wí nìyẹn."

Fẹlifẹli wá ṣàlàyé. Ó ní ọ́fíìsì náà ò ní gba ọdún tí èèyàn kàn dá láti orí, àfi kó ní ìdí, kí àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí Ọ̀gá bi Ọmọ Tuntun ní ọjọ́ orí rẹ̀, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn fi wá a kiri. Nítorí ẹ̀ ni àwọn ṣe ní kí àwọn rọra kó o jọ, kí àwọn parí ẹ̀, kí àwọn wá gbé e fún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó ní, ẹ̀sọ̀ ni àwọn sì fi ń mú un.

Ọmọ Tuntun gbọ́ ọ tán. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè nígbà tó máa dáhùn.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. A kì í fá orí..."

Ó dákẹ́, ó ń wò ó, bí òun náà ṣe máa ń dákẹ́ tó máa ń wò ó. Áyọ́ọ̀nù ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ lórí irin rẹ̀.

"Ẹ parí ẹ̀."

"Lẹ́yìn olórí," Fẹlifẹli ní. Ó ń wo ilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó gbà wọ́n gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò gbà. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò sọ fún wọn tó fi dá lọ sí ọ́fíìsì náà. Ó bi akọ̀wé obìnrin tó wà lójú fèrèsé bóyá fọ́ọ̀mù kan wà fún àwọn tí kò níwèé ìbí, ibi tí òǹtẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀, àti ẹni tó ń fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Akọ̀wé na ọwọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí Fẹlifẹli sọ ló wà níbẹ̀. Ó padà sójú fèrèsé, ó béèrè bóyá ẹlòmíràn lè wá ka ohun tí òun bá kọ.

"Àǹtí," akọ̀wé ní, "àwa gan-an kì í rí i tá a bá ń wá a."

Ìyẹn fi í lọ́kàn balẹ̀ ju ìbúra lọ. Ó gba fọ́ọ̀mù kan.

Nígbà tó dé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìlọṣọ, ó sì sọ bó ṣe fẹ́ kó rí. Láti òní lọ, ohun tí wọ́n bá máa kọ nípa òun, òun ló máa kọ ọ́. Wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n mọ̀, òun á sì mú èyí tó bá wu òun níbẹ̀. Fẹlifẹli na léèdì rẹ̀ sí i. Kò gbà á. Ó ní léèdì ṣeé pa rẹ́, ó sì mú bíírò jáde.

Ọdún tí òòrùn ṣókùnkùn ni wọ́n gbára lé. Fẹlifẹli ò lè gbàgbé ọdún náà, torí pé ẹ̀wù adájọ́ kan ló ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣú lójijì. Ó jáde lọ wòran, ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí ẹ̀wù, ìwé tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ṣì wà nílé pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún rèé. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, tí òmíràn ò tíì hù, á jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ọ̀gá ní kó mú mẹ́fà, pé obìnrin tó gbọ́n kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọdún kún ọdún. Ọmọ Tuntun ronú sí i.

"Méje ni," ó ní. "Ọdún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ti pọ̀. Mi ò ní fi ẹyọ kan tọrẹ."

Ó kọ ọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ó wo nọ́ńbà náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún kọ àlàyé garawa sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ, láìgbójú sókè, pé ewúrẹ́ kankan ò sí o.

"Mo mọ̀," Fẹlifẹli ní. "Ewúrẹ́ wo ló máa sùn lẹ́sẹ̀ èèyàn tí kò ní jẹ aṣọ ẹ̀?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ, wọ́n jọ lọ. Ìlà gùn dé ojú títì. Nígbà tó kàn wọ́n, akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù, ó ní gbogbo rẹ̀ ló pé àfi ibi orúkọ, ó sì gbé ohùn sókè bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Tuntun wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo fèrèsé. Ọ̀gá rò pé ó ti fẹ́ lọ, ó sún mọ́ ọn díẹ̀. Àmọ́ kò lọ. Ó na ọwọ́, ó gba fọ́ọ̀mù náà padà, ó fi ọwọ́ òsì bò ó, ó sì fi ọ̀tún kọ orúkọ tó ti ń gbé kiri nínú ara rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé garawa kalẹ̀. Kò mú un látinú agbọ̀n ẹnikẹ́ni. Fẹlifẹli kọjú sí ògiri, ó ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni pé ìdánwò ló fẹ́ ṣe lórí rẹ̀. Ọ̀gá ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tó pè wọ́n pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí i, ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n wò, wọn ò wo òkè.

Wọ́n fún un ní ìwé tó máa lò títí káàdì á fi jáde, ilé ìwòsàn sì gbà á. Nígbà tí oṣù tuntun bẹ̀rẹ̀, aṣọ ibùsùn kún ilé ìfọṣọ dé àjà. Ọmọ Tuntun ni wọ́n ṣì ń pè é, torí kò tíì sọ pé kí wọ́n pe òun ní nǹkan mìíràn.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù náà, ó gbé aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀ wá láti ilé, ó jù ú mọ́ ti àwọn yòókù. Ó ti sàmì sí i. Òwú funfun ló lò lára aṣọ funfun, ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò nìkan ló máa rí i. Ó fa aṣọ Fẹlifẹli jáde nínú agbọ̀n. Ọkùnrin náà ti tú gbogbo àpò rẹ̀ síta, wọ́n so rọ̀ bí etí ajá.

"Mo ti tú wọn síta fún ẹ," Fẹlifẹli ní láti ìdí tábìlì.

"Mo rí i, Bọ̀dá."

Ó ti àpò àkọ́kọ́ padà sínú, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ìka rẹ̀ fi kan ìsàlẹ̀.